Idà Rèé, Àkọ̀ Dà?

Àbúrò mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra idà. N kò pe àdá ní idà o. Idà gidi ni, ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́ta tó dìde dúró. Ó gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n, ó tan iná búlúù sí i, ó wá gbé òkúta oníke kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo nawọ́ sí i, ọmọkùnrin fi igbe ta: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án! Excalibur nìyẹn!" Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú tó fi wò mí, ẹ ó rò pé mo bèèrè ẹni tí ń jẹ́ Ògún ni. Àṣé idà Ọba Arthur, ọba ilẹ̀ Britain inú ìtàn àròsọ, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fáárí tó gbòde nìyẹn. Ẹni tí kò lè bẹ iṣu kó má fi ọ̀bẹ géka ti di onídà, idà ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ lórúkọ, kó ti inú ìtàn àròsọ wá. Ìjọba ibẹ̀ pàápàá ti dá sí i: láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fòfin de títa ọ̀pọ̀ idà tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, bí irin rẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ti àbúrò mi nà gbọọrọ, òfin fò ó.

Orúkọ tó ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn náà kò dúró sójú kan rí. Caledfwlch ni àwọn ará Wales ń pè é (ẹ má ní kí n pè é sókè). Ní nǹkan bí ọdún 1136, Geoffrey ará Monmouth fi èdè Látìn kọ ọ́ pé Caliburnus ni, erékùṣù Avalon ni wọ́n sì ti rọ ọ́. Àwọn akéwì Faransé gbà á, ó di Escalibor. Chrétien de Troyes tilẹ̀ gbé e lé Gawain, ọmọ arábìnrin Arthur, lọ́wọ́. Bí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ, kò sí ẹbí tí kò sọ ọ́ lórúkọ.

Òkúta ńkọ́? Ẹ̀yìn Geoffrey ni wọ́n tó fi ìyẹn kún un. Nínú ìwé tí Malory, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kọ lórí Arthur, tí Caxton òǹtẹ̀wé tẹ̀ ní 1485, idà tí Arthur fà yọ lára òkúta ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ìjà, kí ìyá inú adágún tó fún un ní òmíràn. A jẹ́ pé èyí tó ṣẹ́ ni òkúta oníke àbúrò mi wà fún. Mo sọ fún un, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán.

Ẹ má rò pé ìran yìí ló bẹ̀rẹ̀ wèrè náà. Ní 1191, Ọba Richard Kìíní ti England gbé idà kan fún Tancred, ọba Sicily, ó ní ti Arthur ni. Nígbà yẹn náà ni àwọn mọ́ǹkì ilé ìsìn Glastonbury ní England ń kéde pé àwọn ti hú egungun Arthur. Ṣùgbọ́n Richard gbọ́n: Tancred fún un ní ọkọ̀ ojú omi ńlá 4 àti ọkọ̀ alájẹ̀ 15. Owó ilé oṣù kan ni àbúrò mi fi ra tirẹ̀, kò sì lè gé búrẹ́dì.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé Malory rèé. Merlin, oṣó tó ń gba Arthur nímọ̀ràn, bi í pé, nínú idà àti àkọ̀, èwo ló wù ú jù. Arthur ní idà. Merlin ní kò gbọ́n: àkọ̀ yẹn tó idà mẹ́wàá, ẹni tó bá dè é mọ́ra kò ní í ṣẹ̀jẹ̀ bó ti wù kí wọ́n ṣá a tó. Morgan le Fay, arábìnrin rẹ̀, ló wá jí àkọ̀ náà gbé, ó jù ú sómi. Àwa tí a mọ̀ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, kò yẹ kí Merlin ṣẹ̀ṣẹ̀ là wá lóye.

Mo wá bi àbúrò mi pé àkọ̀ tirẹ̀ dà.

"Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á, bọ̀dá. Ó ti wọ́n jù."