Àmì pupa kì í ṣe ìwọ̀n iná

Ẹ̀yin ará wa, àwòrán máàpù tó kún fún àmì pupa, tí ẹ ń pín kiri pé igbó ń jó láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ti NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àmì pupa kan ń sọ ni pé sátẹ́láìtì rí ooru tó ju ti àyíká lọ níbìkan nínú ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ tó mítà 375. Kò sọ bí iná ṣe tóbi tó. Oko kan ṣoṣo tí wọ́n ṣán, tí wọ́n ń sun, lè gbé e jáde.

Ẹ ṣí FIRMS, máàpù iná ti NASA, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sún máàpù mọ́ra: àwọn àmì tó so pọ̀ yóò tú ká. Ẹ tẹ ọ̀kan, ẹ ó rí ọjọ́ àti aago rẹ̀.

Èéfín yàtọ̀, inú fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà lójú ọ̀sán la ti ń wò ó. Nígbà ọyẹ́, eruku pàápàá máa ń jọ ọ́.