Ọ̀gá Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ má ra tábìlì mọ́ o. Ẹni tó bá ra tábìlì láyé ìsinsìnyí ti kéde fáyé pé òun ò lọ́wọ́. Fáàrí tó wà lóde ni "èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é," wọn kì í sì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan mọ. Àlejò á gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, á tún gbọ́ ọ nígbà tó bá gbé ife sórí tábìlì, á sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí ife náà bá ń rọra yọ̀ lọ síbi tí tábìlì fì sí.

A ò bá ẹni tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan jà. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ni ọ̀gá tuntun yìí, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, tó wá di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé épírọ́ọ̀nù aláwọ kọ́rùn, ó di gbẹ́nàgbẹ́nà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń parí sí. Dírììlì 2, ayùn oníná 3, àti pátákó ara ògiri tí wọ́n ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, kí òòlù má baà ṣìnà ilé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú iṣẹ́ igi, àkísà ọ̀hún ni ṣísẹ́ẹ̀lì, irin ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi, èyí tó ti kúrú nítorí pípọ́n. Ti ọ̀gá ṣì gùn gbọọrọ bó ṣe ti ṣọ́ọ̀bù dé. Kò mọ̀ pé ṣísẹ́ẹ̀lì tuntun kò tíì mú. Wọ́n kàn lọ ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nílé iṣẹ́ ni, nǹkan bíi dígírì 25. Ẹni tó rà á ni yóò fi òkúta tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ, tí yóò fi òkúta nọ́ńbà 1000 pọ́n ẹnu rẹ̀, tí yóò sì fi èyí tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ dán an, títí tí yóò fi lè fá ibi tí wọ́n ti gé igi láì fà á ya. Ṣísẹ́ẹ̀lì tó kú ló ń gé èèyàn jù: kò wọ igi, ọ̀gá fi agbára tì í, ó yọ̀, ọwọ́ òsì tó di igi mú níwájú ló sì gbà á. Ẹ̀yìn ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì lọwọ́ méjèèjì ń gbé. Kílámpù ló yẹ kó di igi mú.

Ẹ wo ọjọ́ iṣẹ́ gan-an. Ọ̀gá ní pákó tó gùn tó 240 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ́ gé e sí ọ̀nà 4 fún ẹsẹ̀ tábìlì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 60. Ìṣirò ọmọ iléèwé. Ó wọn 60, ó gé e. Ó wọn 60, ó gé e. Ó tún wọn 60, ó gé e. Ó gbé èyí tó ṣẹ́ kù, ó bá 59.1. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, 59.1. Ó bú ẹni tó ta pákó, ó bú tépù. Ẹnikẹ́ni ò jí mílímítà 9 náà. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti di eruku. Ayùn oníná máa ń jẹ nǹkan bíi mílímítà 3 nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá gba inú igi kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọjá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á gé wọn sí 59.7 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tán. Kò tilẹ̀ ní máa fi tépù wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan: á kan igi ìdènà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, gbogbo ẹsẹ̀ tábìlì á sì fi orí gún un kí wọ́n tó gé wọn, ìyẹn ni pé bí ìwọ̀n bá tilẹ̀ ṣì, gbogbo wọn á jọ ṣì dọ́gba. Ọ̀gá ní tirẹ̀ lo ẹsẹ̀ 3 gígùn àti 1 kúkúrú. Ó ní ara ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Gbólóhùn yẹn, ẹ fi sọ́kàn. Ohunkóhun tó bá wọ́, tó là, tàbí tó ń mì, ara ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Nípa igi, ọ̀gá kì í ra igi. Pálẹ́ẹ̀tì ló ń lò, pákó tí wọ́n ń kó ẹrù lé, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà rèé: ìṣó tí wọ́n fi kan ọ̀pọ̀ pálẹ́ẹ̀tì, ara rẹ̀ lọ́ tàbí kó ní òrùka òrùka, wọ́n dìídì ṣe é kó má baà tú ni. Ẹni tó bá ki irin bọ abẹ́ pákó tó ń fà á, ẹnu pákó ló máa là, ìṣó ò ní mira. Ohun tó rọrùn ni kó ki ayùn tó ń gé irin bọ àárín pákó àti ìtì abẹ́ rẹ̀, kó gé ìṣó náà síbẹ̀, kó wá fi òòlù lu orí ìṣó yọ. Ẹyọ kan tó bá gbàgbé sínú igi, òun ló máa pàdé ìfági rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Òǹtẹ̀ tún wà lára pálẹ́ẹ̀tì. HT túmọ̀ sí pé wọ́n fi ooru pa kòkòrò inú igi náà, títí àárín rẹ̀ fi gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30. MB túmọ̀ sí pé wọ́n fi oògùn methyl bromide fín in, oró sì ni oògùn náà. Èyí tí kò lóǹtẹ̀ rárá, tí nǹkan dúdú kan ti dà sí lára, ẹni tó fi kó ẹrù nìkan ló mọ ohun tó gbé. Ọ̀gá rí òǹtẹ̀ MB, ó ní lẹ́tà rẹ̀ rẹwà, ó yí i síta kí aráyé lè máa rí i lára bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó kàn.

Kékeré nìyẹn. Odò là ń wí. Ọ̀gá kò tíì jọ̀gá títí yóò fi tẹ́ pákó fífẹ̀ 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò sì da epoxy aláwọ̀ búlúù, omi tó ń le bíi gíláàsì, sáàárín wọn bí odò. Nínú fídíò, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọ́n dà á, ó ṣàn, ó dán, orin ń lọ lábẹ́.

Omi 2 ni epoxy, résìn àti èyí tó ń mú un le. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sára ike ni àṣẹ, ó lè jẹ́ 1 sí 1, ó lè jẹ́ 2 sí 1. Kí èèyàn sì wò ó bóyá ife ni wọ́n ní kó fi wọ̀n ọ́n tàbí òṣùwọ̀n, torí résìn sábà máa ń wúwo ju èkejì rẹ̀ lọ: 2 sí 1 nínú ife kì í ṣe 2 sí 1 lórí òṣùwọ̀n. Ọ̀gá fojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tó rí i pé kò tètè le, ó tún da èyí tó ń mú un le sí i. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Résìn àti èkejì rẹ̀ máa ń so pọ̀ níye níye ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù láìrí ẹni so mọ́ á wà nínú odò náà ní rírọ̀ títí ayé, ọwọ́ tó bá kàn án á máa lẹ̀.

Pípò rẹ̀ ńkọ́? Ìṣẹ́jú 3 sí 5 gbáko, kí igi tí wọ́n fi ń pò ó máa ha ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ike. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dà á sínú ike mìíràn, kí wọ́n tún un pò, torí èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ike àkọ́kọ́ kò tíì pò mọ́ra. Bí wọ́n bá ha á dà sórí igi bẹ́ẹ̀, ojú tábìlì á gbẹ tán, ibì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ á ṣì máa lẹ̀ láàárín rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ jíjìn. Epoxy tí wọ́n ṣe fún ojú tábìlì, mílímítà 3 sí 6 là ń dà lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń le ló ń gbóná. Bó bá pọ̀ lójú kan, ooru náà ò ráyè jáde, á mú kó túbọ̀ yára le, yíyára náà á tún bí ooru sí i. Ẹni tó bá da sẹ̀ǹtímítà 5 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò rí odò tó ń rú èéfín. Á hó, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì sán. Irú tí wọ́n ṣe fún ibi jíjìn wà lọ́tọ̀, ó máa ń pẹ́, ó lè gba odindi ọjọ́ 3 kó tó le. Ọjọ́ 3, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá ń padà sẹ́nu iṣẹ́! Kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Pákó tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ ju bí ìdá 12 nínú 100 lọ, epoxy kì í fẹ́ dì í mú pẹ́. Bó bá tilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ wà nínú ihò wínníwínní ara igi, òun ló máa ń ru sókè nígbà tí epoxy bá bò ó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ta epoxy fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i kí ihò wọ̀nyẹn lè dí, ká tó da odò gan-an. Ọ̀gá ò ta nǹkan kan. Odò kún fún ìfófò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì sọ fún àlejò pé ẹja ló ń mí.

Àpótí tí wọ́n ń dà á sí tún wà. Ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè gbà, epoxy á gbà á. Sílíkóònù là ń fi dí gbogbo igun, a sì ń jẹ́ kó gbẹ dọjọ́ kejì. Tépù onípépà ni ọ̀gá fi dí i lálẹ́, ó lọ sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, odò ti kúrò láàárín tábìlì, ó ti dé abẹ́ fìríìjì.

Ìbọ̀wọ́ sì ni o, kì í ṣe ọwọ́ lásán. Èèyàn lè máa fọwọ́ kan epoxy fún ìgbà pípẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é, kí ara rẹ̀ wá ṣàdédé kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ara tó bá sì ti kọ̀ ọ́ kì í sábà gbà á mọ́. Ìwọ̀nba tó bá ta sí i lára, awọ á sú, á máa yún un.

Ká ní odò dára. Igi tó yí i ká ṣì ń wú, ó sì ń sún kì. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, ó ń fẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó ń fún, ìbú rẹ̀ ni o, gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Irin abẹ́ tábìlì kì í bá a rìn. Nítorí náà, ihò gbọọrọ là ń lu sára irin, kí sikúrù lè ráyè sún díẹ̀ lọ díẹ̀ bọ̀. Ọ̀gá fi sikúrù 20 dè é mọ́lẹ̀, ó tún fi gọ́ọ̀mù lé e kó dá a lójú. Ojú ọjọ́ yí padà, ilé gbọ́ "gbà!" lóru, tábìlì là láti orí dé ìdí. Ó da epoxy sójú ibi tó là. Odò kejì nìyẹn.

Sáńdípépà wá kù, kò sì sẹ́ni tó ń ya fídíò rẹ̀. 80, 120, 180, 220: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni pépà ń kúnná sí i. Iṣẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni láti pa àpá èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá fo láti 80 bọ́ sí 220, ojú igi á máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àpá 80 wà nísàlẹ̀, kò ní yọjú títí di ìgbà tí wọ́n bá ta òróró sí i. Ìgbà yẹn ni gbogbo ibi tí ẹ̀rọ ti yí po á wá hàn rekete. Kí èèyàn fi pẹ́ńsù fa ìlà wúruwùru sójú igi kó tó mú nọ́ńbà tuntun; ìgbà tí ìlà bá parẹ́ tán ló tó pààrọ̀ pépà. Pẹ́ńsù lásán ni. Bóyá nítorí pé kò ní bátìrì ni ọ̀gá ò ṣe kà á sí irinṣẹ́.

Èyí tó kàn kì í ṣe ẹ̀rín. Àkísà tí wọ́n fi ta òróró linseed sí igi, wọn kì í ká a roboto sọ sínú agbọ̀n. Bí òróró náà ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, àkísà tó ká ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ooru náà lọ, ó sì lè dáná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú korobá irin tó ní ìdérí.

Ọ̀rọ̀ pẹpẹ ara ògiri kò gùn. Ọ̀gá lu ihò sí ọ̀gangan òkè ibi tí wọ́n ti ń tan iná, ibẹ̀ gan-an sì ni wáyà sábà máa ń gbà. Ó lo bíìtì dírììlì mílímítà 8 fún pilọ́ọ̀gù mílímítà 6, ìyẹn ike tó ń di sikúrù mú nínú ògiri, ó wá fi igi ìṣáná kún àyè tó kù. Spirit level rẹ̀, irinṣẹ́ tí ìfófò inú omi rẹ̀ ń sọ bí nǹkan bá tẹ́jú, ní pẹpẹ gún régé. Ká ní ó yí spirit level náà padà, kí apá òsì di apá ọ̀tún, ì bá rí i pé ìfófò rẹ̀ kúrò láàárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan: spirit level gan-an ló ń parọ́.

Ní báyìí, ọ̀gá ti pa iṣẹ́ igi tì. Ọṣẹ ló kù. Kọ́sítíìkì là ń rọra dà sínú omi, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì, torí ó máa hó, á sì ta síni lójú. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù là ń lò, kì í ṣe ṣíbí, epo kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye kọ́sítíìkì tirẹ̀. A kì í pò ó nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, torí á jẹ ẹ́. Bí a bá gé ọṣẹ tán, á jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí omi inú rẹ̀ gbẹ, kó lè le. Ọ̀gá pò ó lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣíbí ló sì fi wọn kọ́sítíìkì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti wé e ní pépà, ó ti so okùn mọ́ ọn, ó ti pín in yí ká ọ́fíìsì. Gbogbo wọn ló kí i. Kò tíì sí ẹni tó fi wẹ̀.