Ẹ yéé fi oúnjẹ àti ibùsùn gé owó nánì

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìkómọ kan. Obìnrin kan tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ń bèèrè iye tí wọ́n ń san fún nánì tí yóò máa gbé lọ́dọ̀ ẹni láti tọ́jú ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn tí ìyá kan ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu: “Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ti tó o, ọmọ mi. Ṣebí yóò máa jẹ, yóò máa sùn. Kò sanwó ilé, kò wọ mọ́tò. Kí ló fẹ́ fi owó ṣe?” Àwọn tó kù sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ní Bódìjà n'Ìbàdàn, kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. “Ṣebí ó ń jẹ, ó ń sùn” yìí gan-an ni wọ́n fi gé owó mi. Ní báyìí tí èmi náà ti di ìyá ọmọ, tí mo ń sanwó fún ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀, mo ti wà lápá méjèèjì, n kò sì rí apá tí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́gbọ́n wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣírò. Láti oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, wákàtí rẹ̀ lóṣù jẹ́ nǹkan bí 173. Ẹ pín in, wákàtí kan já sí bíi ₦404. Ó yá, ẹ mú nánì tó ń gbé inú ilé. Ó ti dìde laago márùn-ún ìdájí, kò ní rí ẹ̀yìn fi lélẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Wákàtí 16 nìyẹn. N kò ní ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yọ ìgbà tí ọmọ ń sùn lọ́sàn-án àti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹun, kó ku 12 péré. Kí n tún fún un ní ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rí, kó ku ọjọ́ 26 lóṣù. Wákàtí 312 nìyẹn. Ní ₦404 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó lé díẹ̀ ní ₦126,000.

Ẹ wá yọ oúnjẹ náà. Kí a ní ₦1,500 ló ń jẹ lójúmọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko. ₦45,000. Ó ṣì ku ₦81,000, lẹ́yìn tí a ti yọ gbogbo ohun tó jẹ! Ibo ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ti wá? Ẹ rántí pé n kò tíì ka òru mọ́ ọn.

Mo mọ̀ pé òfin owó oṣù yẹn kò de ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25, nítorí náà kò de ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Òṣùwọ̀n ni mo fi ṣe. Bí ìjọba bá ti sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó kéré jù lọ kò gbọdọ̀ gbà tó dín sí iye kan, kí ló dé tí ẹni tí a gbé ọmọ wa lé lọ́wọ́ yóò fi gba ìdajì rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ní Bódìjà, ọmọ oṣù mẹ́rin ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Yàrá kan náà ni èmi àtàwọn ọmọ ń sùn kí ìyá wọn lè sùn dáadáa kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí èyí àbúrò bá sunkún laago méjì òru, èmi ni mò ń po mílíìkì, èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n káàkiri yàrá títí yóò fi sùn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ibùsùn ọ̀fẹ́. Ta ni ibùsùn yẹn ṣe láǹfààní? Nánì ní ilé bàbá tirẹ̀. Máàdámù ló fẹ́ kó sùn nítòsí, nítorí pé nánì ni yóò pè lóru.

Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì lórí òkun, ilé-iṣẹ́ ń bọ́ wọn, ó ń fún wọn ní ibi tí wọ́n ń sùn, hẹlikópítà ló sì ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Ẹ ti gbọ́ rí pé wọ́n torí ìyẹn gé owó wọn sí ìdajì? Owó gọbọi ni wọ́n ń gbà, nítorí pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n sùn sí, tí wọn kò sí lọ́dọ̀ ìyàwó àtọmọ. Nánì náà kò sí lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nánì ló bí ọmọ sílé, àwọn òbí àgbà ló ń tọ́ ọ, owó iléèwé ọmọ yẹn wà nínú ohun tó fẹ́ fi owó ṣe.

Ẹ bi àwọn èèyàn wa tó wà ní London. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 di oṣù kẹta ọdún 2026, ẹni tó ti pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ gbà tó dín sí £12.21 ní wákàtí kan. Bí ọ̀gá bá fún òṣìṣẹ́ ní yàrá, iye tó lè torí rẹ̀ kà mọ́ owó iṣẹ́ nígbà náà kò gbọdọ̀ ju £10.66 lọ lójúmọ́, ní ìlú tí owó ilé ti ń dáni lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ kà á rárá. Wọ́n ní òfin kan tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ kí àwọn kan sọ pé bí ọmọ ilé ni àwọn mú ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà kò yẹ kó gba iye tí òfin sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fagi lé e. Ní South Africa, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ọ̀gá lè yọ nítorí yàrá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó jókòó ṣírò ohun tí yàrá tó, èsì tí wọ́n rí nìyẹn.

Nígbà tí mo kúrò ní Bódìjà, mo rí iṣẹ́ ọmọ títọ́jú mìíràn tí mò ń lọ láàárọ̀, tí mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mo ń sanwó ọkọ̀, mo ń ra oúnjẹ tèmi, síbẹ̀ owó tó ń ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ju ti ìgbà tí wọ́n ní mò ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ. Àwọn ìyá tí kò fẹ́ sanwó nánì yìí kan náà ń san ti kírẹ́ẹ̀ṣì láìjanpata. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ, wọ́n tún ń san àfikún. Kírẹ́ẹ̀ṣì kì í fọṣọ, kì í se ọbẹ̀, kì í sì í jí lóru.

Àwọn kan yóò ní àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni, pé àwọn yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un bó bá ń lọ. Kí wọ́n san owó rẹ̀ lóṣooṣù, yóò ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n mú wá láti Kutọnu tàbí abúlé, kò sí ọ̀rọ̀ iye owó ńbẹ̀ rárá: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti kọ̀ ọ́ pé kí a gba ọmọ síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lóde ilé ẹbí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo ń sọ fún yín. Kí ẹ tó dá iye, ẹ bèèrè: ọmọ mélòó, ọmọ ọdún mélòó? Ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń lọ sí iléèwé, ìbejì kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọ kan. Ta ni yóò máa jí lóru? Ṣé ìfọṣọ àti ọbẹ̀ wà níbẹ̀? Ọjọ́ wo ni ìsinmi? Bí mo bá ṣàìsàn, ṣé wọn yóò yọ owó? Ẹ ka wákàtí, ẹ ka òru lọ́tọ̀, kí ẹ tó dárúkọ owó. Bí máàdámù bá ní “ṣebí wàá máa jẹ”, kó dárúkọ iye tí oúnjẹ náà jẹ́, kí ẹ jọ yọ ọ́ nínú iye yẹn lójú ara yín. Kí ẹ sì rí i pé inú àkáǹtì tiyín ni owó ń wọ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹ́jẹ́ǹtì tàbí àǹtí tó mú yín wá.