Ìwé Dé, Mọ́tò Ò Dé

Èkìtì kete, ẹ kú oríire o. Àwọn ọmọ wa ti ti òkè òkun dé, wọ́n sì ti mú àṣà mìíràn bọ̀. Tẹ́lẹ̀, mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣakọ, a sì ti mọ bí a ṣe ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún wọn. Ní báyìí, iye tí wọ́n ra mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣakọ. "Iye ilé-iṣẹ́ gan-an ni mo rà á o, wọn ò fi kọ́bọ̀ lé e." Kò sí òde tí ẹ máa lọ láti Òkèṣà dé Bàṣírì tí ẹ ò ní bá ẹnì kan tó ń sọ ọ́, wọn kì í sì í sọ ọ́ sí èèyàn létí. Wọ́n á dúró kí onílù sinmi ná.

Èyí tó ká mi lára jù ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Adó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ olóògbé, ọmọ dáadáa, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ torí ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, ti ra mọ́tò Porsche kan tó ń jẹ́ 911 S/T. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé ò ju 1,963 lọ, nítorí ọdún 1963 ni 911 kọ́kọ́ yọjú, iye tí ilé-iṣẹ́ kọ sí i ní Amẹ́ríkà sì tó $290,000. Ẹ fúnra yín ṣírò rẹ̀ sí náírà. Èmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí mo ṣe gbọ́, mo dìde, mo kọjú sí ẹnu géètì, mo tún fìlà mi ṣe kí n lè bá wọn ya fọ́tò nígbà tí mọ́tò bá wọlé. Wọ́n ní mọ́tò wà ní Houston. Ìwé rẹ̀ ló wálé.

Ìwé iye owó ni, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò tuntun lọ́hùn-ún. Sẹ́nétọ̀ kan láti Oklahoma, Mike Monroney, ló wà nídìí òfin rẹ̀ ní 1958, kí àwọn alágbàtà má baà máa rẹ́ aráàlú jẹ láìjẹ́ kí wọ́n mọ iye tí ilé-iṣẹ́ pe ọjà rẹ̀. Òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i kúrò títí mọ́tò á fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Sẹ́nétọ̀ ṣe dáadáa, àmọ́ ó gbàgbé Èkìtì: kò sọ ohun tí ẹni tó rà á ò gbọdọ̀ fi ìwé náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọmọ wa ti láminéètì rẹ̀. Inú àpò awọ dúdú ló ti yọ ọ́. Ó fi áńkáṣíìfù nù ún níwájú, ó yí i padà, ó nù ún lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn. Ó gbé e fún àbúrò rẹ̀ pé kó máa gbé e lọ láti tábìlì dé tábìlì, àbúrò náà sì ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ epo." Olóyè kan wá awò ojú rẹ̀ jáde, ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ sókè, títí kan iye tí wọ́n gbà lórí àwọ̀ bẹ́líìtì ìjókòó, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ìyàwó bàbá wọn gbé e lé àyà, ó ní àwọn ọmọ tòun náà á gba èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmín sọ. Àwọn tó ti sùn lórí àga jí láti ṣe àmín. Onífọ́tò to ẹbí: àwòrán olóògbé lápá ọ̀tún, ìwé lápá òsì, ọmọ-ọmọ láàárín, ó ń rẹ́rìn-ín sí apá òsì. Olórin wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìwé. Ó ki ìwé! Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń lẹ ₦200 mọ́ ọn, ṣùgbọ́n owó ò lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó ń dán. Ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣà á, wọ́n tún ń lẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà tó bí gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni ò kì í tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbogbo èyí ń lọ, èmi wà nídìí iyán. Iyán wà, ọbẹ̀ ò sí. Ọmọbìnrin tó yẹ kó gbé ẹ̀gúsí wá fún wa ti lọ tò sórí ìlà láti bá ìwé ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iyán jẹ́ láàárín wa. Iyán funfun tí wọ́n gún kúnná, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo ń wò ó, ó ń tutù, ó ń le, ó di nǹkan tí ó ṣeé fi mọ ògiri. Nígbà tí ọbẹ̀ dé, ẹran ìgbẹ́ ti tán. Wọ́n ní àlejò láti Houston ló jẹ ẹ́ tán. Mi ò tíì dárí jì wọ́n, mi ò sì ní í ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún ọmọ náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ohun tó ṣe ò rọrùn. Mo sún àga mọ́ ọn, mo ní kó kọ́ mi. Ó ní iye tó wà lórí ìwé yẹn kò de alágbàtà lọ́wọ́, àbá ni láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Alágbàtà ló ni ìsọ̀ rẹ̀. Bó bá ti rí i pé mọ́tò kéré, tí èèyàn pọ̀, á lẹ ìwé kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, á kọ iye tó bá wù ú sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún, òfin ò sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ fo alágbàtà rẹ̀ kọjá lọ tà fún oníbàárà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ san àlékún, àfi kó tètè forúkọ sílẹ̀ kí ariwo mọ́tò tó gba ìgboro, kó wá alágbàtà lọ sí ìlú kékeré tó jìnnà, kó sì gba àdéhùn iye náà sínú ìwé kó tó san àsansílẹ̀. Títí débẹ̀, ọgbọ́n ni. Mo ń mi orí.

Ó wá débi tí orí mi dúró. Ó ní alágbàtà gbọ́dọ̀ mọ èèyàn. Kí wọ́n lè mọ òun, òun kọ́kọ́ ra Macan, Porsche mìíràn tí òun ò nílò. Wọn ò tíì mọ òun tó. Òun ra Cayenne, Porsche náà ni, fún ìyàwó òun, ìyàwó tí kò mọ mọ́tò wà. Ọjọ́ ìbí ọmọ ọkùnrin tó ń tà fún òun, òun ò gbàgbé rẹ̀ rí, ẹ̀bùn á ti délé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ bá mi bi í. Nígbà tó pẹ́, wọ́n pè é. "Ẹ̀gbọ́n," ó di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀, "wọ́n yàn mí."

Wọ́n yàn án kó wá san owó.

Mo bi í pé èló ló wọlé sí i nígbà tó ta Macan, èló ló sì fi rà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kọ́ là ń sọ." Ìyẹn gan-an là ń sọ, àbúrò mi! Àlékún tí o sá fún níwájú, o ti fi Macan san án lẹ́yìn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Porsche ò fẹ́ kí wọ́n rà á láàárọ̀ kí wọ́n tà á lálẹ́, wọ́n wá ní kí àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ yá S/T lò fún ọdún kan ná kó tó lè di tiwọn. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí ọmọ wa gbé ìwé lọ láminéètì, mọ́tò ò tíì jẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ àyálò ni olórin ń kì.

Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é, kí n má purọ́. Nígbà tí Ford fẹ́ ta mọ́tò wọn tuntun tó ń jẹ́ GT ní 2016, fọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé síta bíi JAMB. Àwọn 6,506 ló kún un parí, àyè 500 ló wà. Àwọn olówó ayé jókòó, wọ́n ń dáhùn ìbéèrè lórí bí Ford ṣe jẹ́ sí wọn, àwọn mìíràn ń ya fídíò ara wọn ránṣẹ́, kí wọ́n lè gbà wọ́n láàyè láti san owó tó lé ní $450,000. Ẹni tó bá wọlé á tún fọwọ́ sí i pé òun ò ní tà á fún ọdún méjì. John Cena, oníjàkadì tí àwọn ọmọ yín ń ṣe bí i lórí bẹ́ẹ̀dì, rí tirẹ̀ gbà, ó sì tà á. Ford gbé e lọ sí kóòtù ní 2017, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó parí ìjà. Gbogbo ọkùnrin tó ti gbé lulẹ̀ láyé rẹ̀, ìwé àdéhùn ló wá dá a.

Ti Ferrari ò ṣeé sọ. Mọ́tò wọn tó ń jẹ́ LaFerrari, 499 ni wọ́n ṣe, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì yan ẹni tó máa rà á; ẹni tí kì í ra tiwọn tẹ́lẹ̀, kó máa wò ó lórí fóònù. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe lé e, gbàǹjo ni wọ́n ta ìyẹn ní 2016, $7 mílíọ̀nù, wọ́n sì kó owó rẹ̀ fún àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ ní Ítálì. Nínú gbogbo ìtàn mọ́tò tí mo ti gbọ́ láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni mo rí tó ṣe tálákà kan láǹfààní, òun sì ni wọ́n san àlékún lé lórí jù.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló kọ́ yín lọ́jà? Ìyá mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kò san iye tí wọ́n pe ọjà rí láyé rẹ̀, ì báà ṣe iṣu, ì báà ṣe aṣọ òkè. Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ sí Ọjà Ọba, tó padà wálé tó ní iye tí wọ́n pè é ni òun san, wọ́n á pe àwọn ará ilé jọ kí wọ́n wá wò ó. A mọ ọ̀kan nínú àdúgbò wa tí wọ́n fi pè é títí ó fi gbéyàwó. Ẹ̀yin wá lọ kàwé débi tí ìwé parí sí, ẹ dé Amẹ́ríkà, ẹ san iye tí wọ́n pè láì yọ kọ́bọ̀, ẹ fi ọ̀rá bo ẹ̀rí ohun tí ẹ ṣe, ẹ sì gbé e wá sí Adó kí a lè bá yín yọ̀!

Tíṣà ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n san owó Údójì, àlékún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ní 1975, ó ra mọ́tò Ìjàpá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ìyìn. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ná an nínú pálọ̀ wa, pẹ̀lú kèrègbè ẹmu láàárín wọn. Ẹni tó ń tà á á bínú dìde, á dé fìlà, á dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ò ní í wo ẹ̀yìn. Yóò padà wá jókòó, wọ́n á tún bu ẹmu. Nígbà tí wọ́n máa fẹnu kò, owó ti wálẹ̀, táyà kan àti jáàkì ti wà lórí rẹ̀ fún ènì, ìyàwó ẹni tó tà á sì fi iṣu ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ìjàpá yẹn gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú gbogbo wa nínú rẹ̀. Ìgbà tí kò bá gùn ún, àwa là ń tì í. Ènì wo ni wọ́n fún ọmọ Houston? Àwọ̀ bẹ́líìtì pàápàá, owó ni wọ́n gbà lé e, olóyè kà á sí wa létí.

Ó sì ti ń ràn. Mo rí Corolla kan nílé epo ní Bàṣírì, tòkunbọ̀ tó ti rí ayé, ìwé aṣọ́bodè ni ẹni tó ni ín lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú kí aráyé lè mọ̀ pé kò sí alágbàtà láàárín. Kò rí iwájú mọ́; orí ló ń yọ síta láti wo ọ̀nà. Obìnrin kan jókòó níwájú mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi páálí iye owó sílẹ̀ lára gèlè. Gbogbo ìgbà tó bá ju orí ni páálí yẹn ń na imú mi.

Mo bi ọmọ wa nígbà wo la máa rí mọ́tò gan-an. Ó ní ikùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù fún ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́. Ìyẹn ni mo bá a gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà yẹn ti fi ojú àwọn mọ́tò tí ikùn wọn ga rí màbo.

Ó ti padà sí Houston báyìí, ó sì pè mí lọ́jọ́sí. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára Porsche. F80 tí Ferrari gbé jáde ní 2024, 799 péré, tó lé ní €3 mílíọ̀nù, ó ní ìyẹn ti kọjá òun, gbogbo rẹ̀ ló ti ní olówó; èyí tó bá tẹ̀ lé e ni òun ń múra sílẹ̀ dè. Ó fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà tó dùn, torí èmi ni mo mọ ìwé kọ, pé ìfẹ́ mọ́tò ti wà nínú ìran wọn láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ tí mo mọ̀, kẹ̀kẹ́ Raleigh ló gùn títí ó fi kú, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ni kẹ̀kẹ́. Mo ní kò burú, ₦50,000 ni lẹ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n! ₦50,000 fún ewé kan? Ẹ gba ₦5,000."

Mo ní ₦45,000. Ó ní òun á fi ₦1,000 kún tòun, ṣùgbọ́n kí n kọ èkejì fún àbúrò òun, kí n fi ṣe ènì.