Gómìnà, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan kọ́ o

Tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ẹ ó rí i pé gómìnà á kó ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti dráyà jáde, orúkọ ẹ̀ á wà lára gbogbo ẹ̀ gàdàgbà, fọ́tò á kún Facebook, wọ́n á ní àwọn ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀kọ́ wo? Ẹni tí ò mọ aṣọ gé tẹ́ ẹ gbé máṣíìnì fún, kí oṣù tó parí ó ti tà á. A ò ní kí wọ́n má fún èèyàn ní nǹkan o, àmọ́ ibi tíṣẹ́ gómìnà wà gan-an kọ́ nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ tẹ́kíníkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́, niṣẹ́ ẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ tẹ́kíníkà tó wà ní Nàìjíríà, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe t'Àbújá. Gómìnà ló ń gba tíṣà síbẹ̀, òun ló ń fọwọ́ sówó ibẹ̀, torí náà kó má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru ẹnì kankan. Ẹ wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kẹ́ ẹ wò ó: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ti dógùn-ún, wọ́n ti já wáyà ẹ̀ lọ, tíṣà wá ń ya àwòrán ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ ń dà á kọ, ọmọ yìí kan náà la fẹ́ kó lọ ṣèdánwò NABTEB, ìyẹn ìdánwò àṣejáde tẹ́kíníkà, kó sì wá di wẹ́dà!

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní pámárì, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì) dé lọ́dún 1982, wọ́n ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ olówó ńlá láti òkè òkun fáwọn iléèwé, inú páálí ni púpọ̀ nínú ẹ̀ bà jẹ́ sí, torí kò síná, kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò.

Èkó tiẹ̀ gbìyànjú, wọ́n dá LASTVEB sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kan, tẹ́kíníkà àtiṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń mójú tó. Kí ló dé táwọn tó kù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun tá a fẹ́ ò le. Ẹ ra irin, igi, wáyà, pẹ̀lú dísù fún jẹnẹrétọ̀, kọ́mọ rí nǹkan fọwọ́ kàn. Ẹ gba àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àti bíríkìlà tó mọṣẹ́ dénú wọlé kí wọ́n máa kọ́ni, bí wọn ò tiẹ̀ ní dìgírì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti gba fúrídọ̀mù lẹ́bàá títì ńkọ́? Ìjọba lè sanwó ìdánwò fún wọn kí wọ́n níwèé ẹ̀rí lọ́wọ́. Tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá sì tún dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ sọ iye tó tẹ tẹ́kíníkà lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sínú ìwé.