Èsì sí Àlàájà tí ó fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo

Àlàájà, a dúpẹ́ pé ẹ wá àyè láti kọ̀wé. Ẹ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni a fi ń ka "oókan, eéjì, ẹẹ́ta" sí yín létí bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí a tó tan orin, pé olùkọ́ kọ ẹ̀yìn sí yín, àti pé ijó ni ẹ wá jó, ẹ kò wá kọ́ ìṣirò. Nítorí àwọn tí yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn yóò wá sí kíláàsì ijó wa ní Tánkẹ̀, Ìlọrin, ó tọ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, 2025, bí ó ṣe rí gan-an.

Electric Slide ni a kọ́ lọ́jọ́ náà, ijó tí gbogbo ènìyàn ń tò sí ìlà jó pa pọ̀, tí oníjó Ric Silver gbé kalẹ̀ ní 1976, ẹ sì sọ fún akọ̀wé wa lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n jó láti òde ìgbéyàwó. A kò bá yín jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń jó o lóde, ìgbésẹ̀ 18 ni: mẹ́rin sí ọ̀tún, mẹ́rin sí òsì, mẹ́rin sẹ́yìn, mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀ síwájú tí a sì fi ń fì sẹ́yìn, méjì tó kù ni a fi ń yí sí ògiri tó kàn. Ìlù mẹ́jọ-mẹ́jọ sì ni ọ̀pọ̀ orin tí a ń jó o sí ń lọ, 18 kò sì pín dọ́gba sí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń retí kí ègbè orin sọ fún òun pé ó tó àkókò láti yí, àwọn yòókù á ti yí tán kó tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kà.

Ẹ̀yin fúnra yín yan ìlà ẹ̀yìn pátápátá, gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú yín ni ẹ sì ń wò. Nígbà tí a yí lẹ́ẹ̀kejì, ìlà ẹ̀yìn di ìlà iwájú, kò sí gìgísẹ̀ tí ẹ ó wò mọ́. Ẹ dúró gbagidi, ẹ di ìró yín mú, ẹ ń bojú wẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ wa tí a fi sí ògiri yẹn nítorí irú nǹkan báyìí ló ń pe ìgbésẹ̀ fún yín títí ẹ fi bá wa dọ́gba. Ẹ kò kọ ìyẹn.

Ní ti ẹ̀yìn tí olùkọ́ kọ sí yín, kì í ṣe àrífín: bí ó bá kọjú sí yín, ọ̀tún rẹ̀ ni yóò bọ́ sí òsì yín.

A kò sọ pé kíkà nìkan ni ọ̀nà. Àwọn kan ń wo fídíò nílé títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi gbà á. Àwọn mìíràn kò bìkítà bí wọ́n bá kọjú sí ògiri tí kò yẹ, ẹ̀rín ni wọ́n wá rín. Nítorí tiwọn ni a ṣe ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, níbi tí olùkọ́ ti ń pe ìgbésẹ̀ bí orin ti ń lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí.

A ti ní kí akọ̀wé dá ₦3,000 yín padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ jó títí a fi ti ilẹ̀kùn. Ẹ tún lè wá sí ti ọjọ́ Àìkú lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wù yín. Bó bá sì jẹ́ ti Sátidé ni ẹ ṣì fẹ́, a ó fi àyè pamọ́ fún yín láàárín gbùngbùn, níbi tí ẹnì kan yóò máa wà níwájú yín, ògiri yòówù kí a kọjú sí.