Wọ́n Tún Ti Padà sí Faerûn

Àṣà kan ti gbòde láàárín àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ìlú Ọba tí irùngbọ̀n wọn ti ń hu ewú: ìjẹ́rìí ìpadàbọ̀. Ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí yóò kọ́kọ́ nu eruku ara àwọn ìwé eré rẹ̀, yóò tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, yóò gbé dáìsì olójú 20 kan síwájú wọn, yóò ya fọ́tò, yóò wá kéde fún gbogbo ayé pé òun ti padà. Ta ló lé e lọ? Kò sẹ́ni tó lé e. Ta ló ń retí rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó fìgbà kan kúrò, torí orí tábìlì ìjẹun ni máàpù eré náà wà láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó.

Ibi tó ní òun padà sí náà ni Faerûn. Bàálù kì í balẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ inú ìwé ni, nínú ayé kan tí wọ́n ń pè ní Forgotten Realms, ayé oṣó, dírágónì, aràrá àti iwin elf, níbi tí àwọn tó ń ṣe eré Dungeons & Dragons ti fìdí kalẹ̀ sí láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Eré ìdí tábìlì ni: ẹnì kan ń darí ìtàn, àwọn tó kù ń sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ló sì ń pinnu bóyá ó ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rí náà kì í yàtọ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ láti kékeré. Wọ́n bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bínú jáde. Ìfẹ́ àtijọ́ ti wá tún sọ jí. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé ọdún wo ni wọ́n bínú jáde, wọn yóò dárúkọ ọdún, oṣù àti ojú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wá bi wọ́n pé ìwé wo ni wọn ò rà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń bínú. Ikọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Kí n má purọ́, ọwọ́ tó kọ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́. Ed Greenwood, ará Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé, ló dá a sílẹ̀. Ọmọdé ló wà ní àwọn ọdún 1960 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn nípa ilẹ̀ náà, kí Gary Gygax àti Dave Arneson tó gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Láti 1979 ló ti ń kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Dragon, títí TSR, ilé-iṣẹ́ tó ń ta eré náà nígbà yẹn, ní Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, fi rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1987 nínú páálí aláwọ̀ eérú kan. Páálí yẹn làwọn ajẹ́rìí ń fi búra títí di òní. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan kékeré sílẹ̀. Ní 1992 ó kọ odindi ìwé lórí ilé ọtí, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ìlú Waterdeep: èyí tí ọtí rẹ̀ dùn, èyí tó gbówó lérí, èyí tí wọ́n ti lè fi ọ̀bẹ gún ẹ lẹ́yìn. Ìlú tí kò sí, ó ní ilé ọtí ju ìlú tí wọ́n bí mi sí lọ.

Ọmọ ibẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni Drizzt Do'Urden, tí òǹkọ̀wé R. A. Salvatore kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1988. Drow ni, ẹ̀yà iwin tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìkà. Òun ló yàtọ̀: ó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ó ń fi idà méjì jà, ẹkùn dúdú kan sì ń tẹ̀ lé e. Ìwé tó wà lórí rẹ̀ ti lé ní 30. Láti ìgbà náà, ó ṣòro kéèyàn jókòó sídìí tábìlì eré kan kó má rí drow ọlọ́kàn rere tó ń fi idà méjì jà, tó ń ké pé òun nìkan ló dáa nínú ẹ̀yà òun. Nígbà mìíràn mẹ́ta ló máa ń wà nídìí tábìlì kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wí pé òun nìkan.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi tiwa ṣe àwòkọ níbẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ máàpù. Chult lorúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló ń gbé e; igbó kìjikìji, òkú tó ń rìn, àti dáínósọ̀. Dáínósọ̀, ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀bá òkun lọ́hùn-ún ní Candlekeep, ilé-ìkàwé tí gbogbo ọ̀mọ̀wé ń wárí fún. Waterdeep ní àwọn ìjòyè tó ń fi ìbòjú ṣèjọba. Àwa ni wọ́n fún ní alángbá tó tóbi ju ilé lọ. Ní 2017 wọ́n kọ́ Port Nyanzaru síbẹ̀, ìlú ọlọ́jà tó rí já jọ, inú mi sì fẹ́ dùn, àfìgbà tí mo kà á pé ohun tí wọ́n ń fi sáré ìdíje nígboro ibẹ̀ ni dáínósọ̀. Mi ò tíì rí ajẹ́rìí kan tó sunkún pé òun padà sí Chult.

Àwọn òrìṣà ibẹ̀ ló tún wá burú. Bí wọ́n bá ti fẹ́ yí òfin eré padà nílé-iṣẹ́, àwọn òrìṣà ló máa ń fi ẹ̀mí dí i. Ní 1989 tí ẹ̀dà kejì jáde, wọ́n lé àwọn òrìṣà kúrò lọ́run wá sílé ayé: Bane kú, Bhaal kú, Myrkul kú, Mystra tó ni idán pàápàá kú, obìnrin onídán kan sì gorí àléfà rẹ̀, ó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun náà ti yọ apànìyàn-gbowó kúrò nínú àwọn iṣẹ́ tí ẹni tó ń ṣe eré lè yàn. Nítorí náà, gbogbo apànìyàn-gbowó tó wà ní Faerûn kú lójijì nínú ìtàn. Kò sí ìjọba ayé gidi tó tíì mọ ọ̀nà tó yá tó bẹ́ẹ̀ láti pa iṣẹ́ kan rẹ́.

Nígbà tó fi máa di 2008, ilé-iṣẹ́ eré Wizards of the Coast ti ra TSR, Hasbro tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé sì ti ra Wizards. Ẹ̀dà kẹrin dé. Cyric, òrìṣà irọ́, pa Mystra kejì. Iná búlúù gba ilẹ̀ kan, àwọn orílẹ̀-èdè kan pòórá, wọ́n sì fo ìtàn náà síwájú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Igbe ọdún yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Àwọn àgbààgbà búra pé, lójú tàwọn, ayé parí ní ọdún 1385 ti kàlẹ́ńdà Faerûn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ ni. (Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ńkọ́?)

Ilé-iṣẹ́ náà fara balẹ̀. Láàárín 2013 sí 2014, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nǹkan padà sí àyè rẹ̀: ilẹ̀ tó pòórá yọjú, Mystra jí. Oníṣàngó ní ọba kò so. Olólùfẹ́ Faerûn ní Mystra kò kú. Àní Catti-brie, ìyàwó Drizzt, pẹ̀lú Regis àti Bruenor, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tún ayé wá nínú ìwé kan ní 2013. Wọ́n tún wọn bí ní ọmọ ọwọ́, tòun ti ìrántí wọn. Àwa tó ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé kò rí ohun ìyanu níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ló ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ wo Waterdeep nìkan. Wọ́n ta ìlú yẹn ní 1987, wọ́n tún tà á ní 1994, wọ́n tún tà á ní 2005, wọ́n tún tà á ní 2018. Nílé wa, ọmọ onílẹ̀ tó bá fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì kan lẹ́ẹ̀mẹrin gbọ́dọ̀ wá èèyàn mẹ́rin tí kò mọra, kó sì tún máa sá fún wọn kiri. Níbi tí à ń wí yìí, ẹnì kan náà ló rà á lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mọ̀ pé òun ló rà á tẹ́lẹ̀, ó sì ń kí ẹni tó tà á kú iṣẹ́.

Ọdún 2023 ni kí ẹ fi mọ ìwà wọn. Ní oṣù kìíní, àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ yí ìwé àṣẹ tó ti wà láti 2000 padà, èyí tó jẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn lè máa ṣe ìwé tiwọn fún eré náà, kí wọ́n sì máa tà á. Àwọn olólùfẹ́ fárígá. Wọ́n fagi lé owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù lórí ìkànnì eré náà, D&D Beyond, wọ́n ní ó parí, ó tán pátápátá. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ilé-iṣẹ́ náà túúbá, ó kó òfin ìpìlẹ̀ eré náà sábẹ́ Creative Commons kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Ìjà gidi nìyẹn, wọ́n sì borí; mi ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ fi ṣe é.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, Baldur's Gate 3 jáde, géèmù kọ̀ǹpútà tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Faerûn, tí Larian, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe. Astarion wà nínú rẹ̀: iwin elf tó ń mu ẹ̀jẹ̀, onírun funfun, ẹlẹ́nu dídùn, tí kò ṣe é fọkàn tán. Halsin náà wà níbẹ̀, tó máa ń di béárì, tó sì lè di béárì lákòókò tí kò yẹ kéèyàn di béárì. (Ẹ má ní kí n ṣàlàyé.) Àwọn tó bínú kúrò ní oṣù kìíní ti ń da omijé ayọ̀ ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ní ìfẹ́ àtijọ́ ló pè wọ́n. Ṣé ìfẹ́ àtijọ́ náà ló ní eyín gígùn méjì yẹn?

Ẹ sì wo ọdún tí ìtàn inú géèmù náà ṣẹlẹ̀: 1492. Àgbà tó búra ní 2008 pé ayé parí ní 1385 ti fi ọdún 107 kọjá ìlà tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà, kò sì fura. Oṣó kan wà nínú géèmù náà tó ń jẹ́ Gale; ẹjọ́ tó ń rò fún ẹni tó bá ti jókòó tì í ni pé òun àti Mystra ti fẹ́ra rí, pé ó kọ òun sílẹ̀. Mystra wo? Mystra tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní 2008 ni. Elminster, baba oṣó tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 1,000 ọdún, ló tún wá jíṣẹ́ rẹ̀ fún Gale, tòun ti bó ṣe ń wá wàràkàṣì jẹ. Ajẹ́rìí wa kò bi í pé níbo ló ti wá. Ó gbá a mọ́ra.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, géèmù náà gba ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ́dún níbi The Game Awards. Ní ọjọ́ 11, Hasbro kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ bí 1,100 dúró. Inú àwọn ajẹ́rìí ru. Wọ́n bínú, wọ́n kọ̀wé, wọ́n búra, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìpọ́njú kan ṣoṣo ló bá ìpadàbọ̀ wọn rìn: àwọn ọ̀dọ́ náà ti dé. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ páálí aláwọ̀ eérú, wọn ò mọ Greenwood. Astarion ni wọ́n mọ̀. Ọmọbìnrin kan á béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ibojì kan nínú géèmù náà. Bàbá onírùngbọ̀n kan á gba ọ̀rọ̀ náà sọ: kó tó lè yé e, ó gbọ́dọ̀ mọ Bane, Bhaal àti Myrkul, ọ̀nà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà di òrìṣà, ìdí tí wọ́n fi kú ní 1989, àti ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n jí. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ọmọbìnrin náà á ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mo ti fẹsẹ̀ tì í, ó ti ṣí."

Ní oṣù kọkànlá 2025, ìwé tuntun méjì tún jáde lórí Faerûn, ọ̀kan fún ẹni tó ń ṣe eré, ọ̀kan fún ẹni tó ń darí rẹ̀. Àgbègbè márùn-ún ni wọ́n yàn láti tàn ìmọ́lẹ̀ sí: Dalelands, Icewind Dale, Calimshan, erékùṣù Moonshae àti Baldur's Gate. Ajẹ́rìí wa ra méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n dé ọjà. Ó ti kà wọ́n tán, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá: Waterdeep tó ti rà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn kò tún tà á fún òun. Ó ní bí wọ́n bá tún dán irú ẹ̀ wò, òun á kúrò.